Kóòtù Christy Lórí Òpó Mábù

Òtútù kì í mú òkúta. Ohun tí mo sọ lọ́kàn ara mi nìyẹn láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè kan tí mo wọ ilé iṣẹ́ wa ní Damastown, ní Dublin, tí mo bá Christy nínú súwẹ́tà lásán, tó ń gbọ̀n, tí kóòtù rẹ̀ tó nípọn sì wà lórí òpó mábù tí àwa méjèèjì jọ ń gbẹ́. Kò fi bo gbogbo òpó náà o. Ìhà tirẹ̀ nìkan ló fi bò. Ìhà tèmi wà níhòòhò.

Mo kí i bí mo ṣe ń kí i lójoojúmọ́. Gẹ̀ẹ́sì ni mo sọ, àmọ́ ẹnu Ẹ̀gbá ni mo fi sọ ọ́: ṣé ẹ sùn dáadáa, ṣé ara le, ṣé ọwọ́ ò dùn yín, ilé ńkọ́? Mo sì tẹ orúnkún díẹ̀, torí Gẹ̀ẹ́sì ò fúnni láyè láti bọ̀wọ̀ fágbà nínú ọ̀rọ̀. Orúnkún ni mo fi ń dí àlàfo yẹn.

Ó wò mí láti ẹsẹ̀ dé orí.

"Grand," ló wí, pé dáadáa ni, ó sì kẹ̀yìn sí mi.

Ẹni tó bá ti pẹ́ ní Dublin mọ̀ pé bí wọ́n bá fi irú ojú yẹn sọ "grand", "jọ̀ọ́, kúrò lọ́rùn mi" ni wọ́n ń sọ. Mo kúrò lọ́rùn rẹ̀. Àmọ́ ojú mi ò kúrò lára kóòtù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí mo jẹ́, kí ẹ má baà máa fura sí èmi náà. Orúkọ mi ni Bísí. Abẹ́òkúta ni wọ́n bí mi sí, ìyá mi sì ń fọ́ òkúta tà fún àwọn tó ń kọ́lé. Kó tó la òkúta kan, á kọ́kọ́ fi òòlù kàn án, á dẹtí. Èyí tó bá dún gooro, ó yè. Èyí tó bá kàn ní "gbù", ó ti sán níkùn, bí ojú rẹ̀ tilẹ̀ ń dán. Nígbà tí mo dé Ireland pẹ̀lú oyún Tọ́lá ọmọ mi nínú, láyé ìgbà tí ọ̀pọ̀ wa ń wá ibi ìsádi, ìgbálẹ̀ ni iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ rí. Ilé iṣẹ́ àwọn tó ń gbẹ́ òkúta ibojì ní Clondalkin ni mo ń gbá. Láti ìdí ìgbálẹ̀ mo dé ìdí òòlù, mo sì fi ọ̀pọ̀ ọdún gbẹ́ orúkọ òkú sára òkúta. Iṣẹ́ tó dùn ni. Oníbàárà tòótọ́ kì í ráhùn. Àwọn ẹbí rẹ̀ ló máa ń yọni lẹ́nu.

Lẹ́yìn náà ni mo wá sí Damastown, sọ́dọ̀ Ọ̀gá Fergal, tó ń tún àwọn ilé òkúta àtijọ́ ṣe. Ó ní kí n máa bá Christy ṣiṣẹ́. Christy ló dàgbà jù nínú wa, iṣẹ́ òpó yẹn ló sì kù tó fẹ́ ṣe kó fẹ̀yìn tì.

Ilé ńlá kan wà ní Rush, létí òkun. Òpó mẹ́rin ló gbé ìloro rẹ̀ ró, afẹ́fẹ́ iyọ̀ sì ti jẹ ọ̀kan run. Onílé lọ lo ìsinmi ní Róòmù, ó padà dé, ó ní òpó tuntun náà gbọ́dọ̀ jẹ́ bí àwọn ará Róòmù àtijọ́ ṣe ń gbẹ́ ẹ: ọwọ́ ni, kì í ṣe ẹ̀rọ. Àwọn mìíràn lọ sí Róòmù, bàtà ni wọ́n rà bọ̀. Tirẹ̀, iṣẹ́ ló rà bọ̀ fún wa.

Mi ò lè parọ́ mọ́ Christy, ó mọ iṣẹ́ náà dénú egungun. Òun ló kọ́ mi pé níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta gan-an ni iṣẹ́ òpó ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará Róòmù á lu ihò tẹ̀ léra wọn lára àpáta, wọ́n á ki irin pẹlẹbẹ sínú wọn, wọ́n á máa fi òòlù lù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, díẹ̀díẹ̀, títí òkè á fi yọ̀ǹda òkúta náà fúnra rẹ̀. Wọ́n á gé e ní onígun mẹ́rin, wọ́n á gé igun wọ̀nyẹn kúrò, wọ́n á tún gé àwọn igun tuntun, títí yóò fi máa lọ sí róbótó. Ṣísẹ́lì ẹlẹ́nu ṣóńṣó ló ń kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, lẹ́yìn náà eléyín bíi ti òòyà, lẹ́yìn náà pẹlẹbẹ, níkẹyìn yanrìn àti omi. Ọkùnrin kan á wà lápá ọ̀tún, èkejì á wà lápá òsì, òkúta á dùbúlẹ̀ láàárín wọn bí aláìsàn. Wọ́n á wá fa àwọn ilà jíjìn sí i láti òkè wá sísàlẹ̀, bí ìgbà tí onídìrí bá pín irun. Ní ìsàlẹ̀, wọn kì í jẹ́ kí ilà náà jìn, torí ibẹ̀ ni èèyàn ń fi èjìká gbá tó bá ń kọjá. Ará Róòmù ti mọ̀ láti ìgbà yẹn pé kò sí ibi tí aláìsinmi ò ní fara tì.

Wọn kì í sì í jẹ́ kí òpó tọ́ gbọnrangandan. Wọ́n á fún un ní ikùn díẹ̀ láàárín.

"Òpó tí ò níkùn," Christy wí, "á dà bí ẹni tí ò jẹun sùn."

Ìgbà tí àárín wa ṣì gún nìyẹn. Kò pẹ́ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í fura.

Ohun tó kọ́kọ́ fu mí lára ni orí àti ìdí òpó náà. Christy fi òkúta tó pọ̀ jù sílẹ̀ níbẹ̀, ó nípọn bí ọrùn ẹni tí wọ́n fi báńdéèjì wé, ó sì gùn ju bí a ṣe fẹ́ ẹ lọ.

"Bàbá, kí la fẹ́ fi gbogbo eléyìí ṣe?"

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é, missus. Okùn àti kẹ̀kẹ́ ẹrù á pa ibi tí a máa gé dà nù lára, kò ní pa òpó gan-an lára. Òkúta tí o bá sì ti gé, o ò lè lẹ̀ ẹ́ padà."

Mo ní ó dáa. Nínú mi lọ́hùn-ún, mo ní àgbà yìí ń fi iṣẹ́ falẹ̀, kò fẹ́ fẹ̀yìn tì.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ kóòtù dé. Àárọ̀ ló ń bò ó, ìrọ̀lẹ́ ló ń ká a. Bí mo bá ti gba ìdí òpó lọ síhà tirẹ̀, ikọ́ á gbé e, á ní kí n bá òun po tíì. Mo po tíì lọ́sẹ̀ yẹn ju bí mo ṣe gbẹ́ òkúta lọ. Ohun tó wá dà mí láàmú jù ni pé nígbà tó bá gbé kóòtù náà wọ̀ láti máa lọ sílé, inú rẹ̀ á tutù rinrin. Òjò ò rọ̀. Orí ilé wa ò jò. Kóòtù wo ló ń tutù láti inú wá síta?

Ẹ máa ní kí ló dé tí mi ò kàn ṣí i wò. Ohun tí Tọ́lá náà sọ nìyẹn. Dublin ni wọ́n bí Tọ́lá sí. Yorùbá tí mo bá sọ yé e ketekete, àmọ́ ó máa ń fi Gẹ̀ẹ́sì Dublin lú èyí tó fi ń dá mi lóhùn.

"Mammy, ẹ kàn bi í! Ẹ ní, Christy, what's the story with the coat?"

"Ta ló bí mi tí màá bi àgbà pé kí ló fi aṣọ bò?"

"Grandma ló bí yín."

"Òun náà ló ní kí n má bi í."

Ẹ̀yin tí wọ́n tọ́ bíi tèmi, ẹ mọ̀. Ohun tí àgbà bá bò, ọmọdé ò gbọdọ̀ ṣí i. Bí ọmọdé náà tilẹ̀ ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí orúnkún ń dùn ún. Mo wá rọra gba ẹ̀bùrú, mo fi òwe bẹ̀rẹ̀.

"Bàbá, nílé wa, wọ́n ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ní ráyè wọ̀ ọ́."

Christy ń nu ṣísẹ́lì rẹ̀. Kò gbójú sókè. "Kò sí aláǹgbá ní Damastown, missus."

Òwe mi kú sórí tábìlì.

Ní Ọjọ́rú, ó lọ sí ilé ìtọ̀. Mi ò fọwọ́ kan kóòtù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá mi lẹ́jọ́. Ìhà tèmi ni mo dúró sí. Láti òkè ni mo ti ń fa ilà tèmi bọ̀, mi ò tíì débi ikùn òpó náà. Mo mú òòlù kékeré, mo kàn án lórí: gooro. Mo sún sísàlẹ̀: gooro. Mo dé ìsàlẹ̀ ọ̀hún, níbi tí iṣẹ́ ò tíì dé: gooro. Mo wá kàn án láàárín, ọ̀gangan ibi tí kóòtù wà ní òdìkejì.

Gbù.

Mo tún un kàn. Gbù.

Ọkàn mi lọ tààrà sí Abẹ́òkúta, sí ẹsẹ̀ ìyá mi. Mo gbé òòlù sílẹ̀ kí Christy tó dé. Gbogbo ohun tó fu mí lára wá tò jọ. Òkúta yìí ti sán níkùn, bàbá yìí mọ̀, ó fi aṣọ bò ó. Kí nìdí? Ìdí kan ṣoṣo ló wá sí mi lọ́kàn: ó ń dúró kí n débẹ̀. Ọjọ́ tí ṣísẹ́lì tèmi bá dé àárín, á ṣí kóòtù, á ní, "Ẹ wo ohun tí obìnrin tuntun ṣe." Èèyàn dúdú kan ṣoṣo, obìnrin kan ṣoṣo, nílé iṣẹ́ yẹn: ta ni Fergal máa gbà gbọ́? Ṣùgbọ́n bí mo bá sáré lọ sọ fún Fergal, kí ni mo rí? Kóòtù ni mo rí.

Mo ṣì ń rò ó nínú ọkọ̀ ojú irin nígbà tí Tọ́lá pè mí. Ilé iṣẹ́ tó ń fi kireni háyà ni Tọ́lá wà. Kì í wa kireni. Òun ló ń so okùn mọ́ ẹrù, òun ló sì ń dúró nísàlẹ̀ tó ń fọwọ́ júwe fún awakọ̀. Kò sẹ́ni tó ń sún mọ́ ẹrù tó bẹ́ẹ̀.

"Mammy, ẹ máa yọ̀! Èmi ni wọ́n ní kí n wá gbé òpó yín dúró ní Rush, ní Túsìdè tó kẹ́yìn oṣù yìí. Èmi àti ìwọ lórí iṣẹ́ kan náà! It'll be some craic, a máa gbádùn ara wa."

Ó yẹ kí n bá a wí lórí "ìwọ" yẹn. Túsìdè nìkan ni etí mi gbọ́.

"Tọ́lá, sọ fún wọn pé ara rẹ ò ní yá ní Túsìdè."

"Kí ló dé?"

"Òpó yẹn wúwo."

"Mammy, mò ń gbé ẹrù, yokes tó wúwo jù ú lọ, lójoojúmọ́. Kí lẹ ń fi pamọ́ fún mi?"

Ẹ ò rí i? Ó ti kó ìfura lára mi.

Bí mo ṣe jókòó, mo rí òpó náà nínú afẹ́fẹ́, okùn ní àárín rẹ̀, ọmọ mi nísàlẹ̀ tó na ọwọ́ sókè. Ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí ta ni wọ́n máa dẹ́bi fún. Kóòtù yẹn gbọ́dọ̀ ṣí, àmọ́ Christy fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ ṣí i.

Lọ́jọ́ Furaidé, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mo lọ bá a. Mo tẹ orúnkún.

"Bàbá, kóòtù yín ti kún fún eruku òkúta. Ẹ ká a fún mi kí n bá yín fọ̀ ọ́. Mọ́ńdè ni màá gbé e wá."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ Yorùbá, ẹ mọ̀ pé kò sí àrífín níbẹ̀. Ta ni ò ní fọṣọ fágbà? Christy ló wò mí bíi pé mo ní kó bọ́ ṣòkòtò.

"Fọ̀ ọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni sà. Màá sì lọ̀ ọ́."

Ó wo kóòtù. Ó wò mí. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ta ló rán ọ?" ló bi mí.

"Kí lẹ wí, sà?"

"Fergal ló rán ọ, àbí? Láti ọjọ́ tó o ti dé! Ṣé mo sùn dáadáa. Ṣé ara mi le. Ṣé ọwọ́ ò dùn mí. Báwo ni ilé. Lójoojúmọ́ ayé! Ìyàwó mi ò bi mí tó bẹ́ẹ̀ ní ogójì ọdún. Kò sẹ́ni tó ń bi èèyàn bẹ́ẹ̀ ní ìlú yìí àyàfi dókítà, tàbí ẹni tó fẹ́ mọ ìgbà tí àyè á ṣófo!"

Èmi tí mo ń ṣọ́ ọ, òun ni mo ń dẹ́rù bà. Ìkíni tí ìyá mi fi àbàrá kọ́ mi ló sọ mí di amí.

"Bàbá," mo ní, "ìkíni ni."

"Gbogbo ìyẹn?"

"Díẹ̀ lẹ gbọ́. Mi ò tíì béèrè àwọn ọmọ."

"Gbogbo èèyàn lẹ ń kí bẹ́ẹ̀?"

"Títí kan ẹni tí a bá jà."

Ó ronú sí i. "Ẹ sì ń fẹ́ gbọ́ èsì?"

"Rárá o! Ẹ kàn máa ní ẹ dúpẹ́ ni. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka àìsàn rẹ̀, a máa ń sá fún un."

Ẹ̀rín já lẹ́nu rẹ̀, ó dà bí ìgbà tí ọkọ̀ tó ti pẹ́ nílẹ̀ bá ta. Ó jókòó sórí àpótí. Ó na ọwọ́, ó ká kóòtù náà kúrò fúnra rẹ̀.

Mi ò kọ́kọ́ rí nǹkan kan. Mábù funfun, ilà tó fà gbọọrọ, iṣẹ́ àgbà. Ó mú kànìnkànìn, ó fi omi pa ojú òkúta náà. A dúró. Ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, ó ń funfun padà, àfi ibì kan. Ilà dúdú kan, tín-ín-rín bí fọ́nrán òwú, ló yọ lórí ikùn òpó náà lọ sí ìhà tèmi. Ibi tó bá sán á mu omi, kì í tètè gbẹ. Ìdí tí kóòtù fi ń tutù nìyẹn. Ó ń fi omi wá òpin rẹ̀, ó sì ń fi aṣọ bò ó bí mo bá ti dé.

"Èmi ni mo yan òkúta yìí," ló wí. "Mo kàn án kí n tó gbà á. Mo ní ó dún." Ó fọwọ́ kan etí rẹ̀. "Ogójì ọdún ìró òòlù, missus. Mi ò gbọ́ èyí tó ga mọ́. Mo ṣe bí ẹni tó gbọ́ ni. Ìwọ wá dé, o ń bi mí ṣé ara mi le."

Mo sọ fún un pé èmi gbọ́ ọ lọ́jọ́rú. Mo wá sọ ẹni tó máa dúró sísàlẹ̀ rẹ̀ ní Túsìdè.

Ojú rẹ̀ yí padà. "Ọmọ rẹ?"

"Ọmọ mi kan ṣoṣo."

Ó gbé kóòtù wọ̀ bó ṣe tutù yẹn, ó gba ọ̀nà ọ́fíìsì Fergal lọ, mo sì tẹ̀ lé e.

"Fergal, etí mi ti lọ," ló sọ lẹ́nu ọ̀nà, kò tilẹ̀ jókòó. "Òkúta tí mo yàn ti sán. Sún Túsìdè síwájú."

Fergal gbá orí mú. Kò sí mábù mìíràn tó tóbi tó o, onílé ò ní gbà o, òun ti gbé o. Christy jẹ́ kó parí.

"Bí ará Róòmù bá rí èyí, kì í sọ òpó nù," ló wí. "Á gé ibi tó ń ṣàìsàn kúrò, á fi ìdajì gun orí ìdajì. Ọ̀pọ̀ òpó wọn ló jẹ́ onípele."

"Á kúrú!" ni Fergal wí.

Christy wò mí. Mo rántí orí àti ìdí òpó náà, gbogbo òkúta tí mo ní ó fi ń falẹ̀.

"Kò ní kúrú sà," mo wí. "Bàbá ti fi èyí tó máa tó o sílẹ̀."

Mi ò tíì gbádùn iṣẹ́ kan bí èyí tó tẹ̀ lé e. Christy ń fi omi pa ojú òkúta, mo ń kàn án mo ń dẹtí. Ojú tirẹ̀, etí tèmi. Gbù, gbù, gooro: ó fi ẹfun fa ilà síbẹ̀. A gé ibi tó ṣàìsàn. A fá ìdajì ìsàlẹ̀ títí ó fi bá tòkè mu. A gbẹ́ àárín ojú ìpàdé wọn jìn díẹ̀, kí etí wọn nìkan lè kanra, kó dé bí ọmọrí ìkòkò. A lu ihò síbẹ̀ fún ọ̀pá irin tí kì í dípẹtà, a la ọ̀nà tóóró tí òjé yíyọ́ máa gbà ṣàn wọlé láti dì í mú, bí ti àwọn ará Róòmù.

Kí a tó kúrò nídìí rẹ̀, Christy gbẹ́ àmì rẹ̀ sínú ojú ìpàdé náà. Gbogbo agbẹ́kùúta ló ní tirẹ̀. Tirẹ̀ dà bí ẹsẹ̀ ẹyẹ. Ó na ṣísẹ́lì sí mi. Mo fa ilà mẹ́ta sí ojú kejì, bíi ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá ìyá mi. Ojú méjèèjì ti kọjú síra wọn báyìí, kò sì sẹ́ni tó máa rí wọn mọ́ títí ilé yẹn á fi wó.

Lọ́jọ́ tí a gbé e lọ sí Rush, atẹ́gùn òkun ń fẹ́. Onílé yí wa po, ó ń fura pé a fẹ́ fi méjì rẹ́ òun jẹ lórí ẹyọ kan. Nígbà tí Christy sọ fún un bí ará Róòmù ṣe ń ṣe é, inú rẹ̀ dùn. Mo gbọ́ pé òun ló ń fi ojú ìpàdé yẹn han àlejò báyìí, bíi pé òun ló bẹ̀ wá kí a gé e.

Tọ́lá dé pẹ̀lú akoto lórí. Ó so okùn mọ́ ìdajì àkọ́kọ́. Kó tó gbọ́wọ́ sókè sí awakọ̀, ó mú spánà, ó kan òkúta náà bí mo ṣe kọ́ ọ, lẹ́ẹ̀kan lókè, lẹ́ẹ̀kan láàárín, lẹ́ẹ̀kan nísàlẹ̀. Mo wo Christy. Kò wo òkúta, kò wo Tọ́lá. Ojú mi ló tẹjú mọ́, tó ń dúró.

Gooro. Gooro. Gooro.

Mo mi orí ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìgbà yẹn ló tó mí èémí jáde. Ọmọ mi gbọ́wọ́ sókè, òkúta sì gbéra nílẹ̀ wẹ́rẹ́.

Nígbà tí ìdajì kejì ti jókòó, tí òjé ti dì, Christy bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó wá bá mi. Ó tẹ orúnkún díẹ̀, orúnkún náà sì ké.

"Missus, ṣé o sùn dáadáa? Ṣé ara le? Ṣé ọwọ́ ò dùn ọ́? Ilé ńkọ́?"

Mo wò ó láti ẹsẹ̀ dé orí.

"Bàbá," mo ní, "ta ló rán yín?"